Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì Onípò Gíga fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ní Òkèlúsè, ní àgbègbè Ọ̀sẹ̀, òkúta kan wà nínú ilẹ̀ tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìlú náà lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ọmọ ń kọ́ àti èyí tí a ń pè ní onípò gíga, òkúta yìí tó fi ṣe àlàyé.

Ọmọ tí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé-ìwé gírámà yóò ti kọ́ pé bí a bá fi iná sun òkúta náà, ẹfun funfun ni yóò kù, afẹ́fẹ́ kan yóò sì jáde lára rẹ̀. Ó lè ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú: nínú gíráàmù 100 òkúta tí kò ní àbùlà, ẹfun gíráàmù 56 ni yóò kù, afẹ́fẹ́ gíráàmù 44 yóò sì bá ojú ọ̀run lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó yege, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ipò gíga kò lè dúró níbẹ̀. Yóò béèrè ìdí rẹ̀ tí iná náà fi gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí iṣẹ́ tó yá. Yóò béèrè ohun tí ó fà á tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá dé ìkòkò náà pinpin tí afẹ́fẹ́ kò rọ́nà jáde, ẹfun yóò tún máa gba afẹ́fẹ́ náà padà, tí yóò sì máa di òkúta bí ti àtijọ́. Èyí gba ìṣirò, ó gba wíwọn ooru, ó sì gba sùúrù. Ti ẹnjiníà tún yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì: báwo ni ògiri iléru yóò ti nípọn tó? Ọ̀nà wo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde? Epo mélòó ni a ó sun kí òkúta àti amọ̀ tí a pò pọ̀ tó gbóná dé nǹkan bí 1,450, níbi tí wọ́n ti ń di ohun tí a ń lọ̀ kúnná fún sìmẹ́ńtì?

Kì í ṣe pé iná àti amọ̀ ṣàjèjì sí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀. Àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó'Lájà láàárín 1969 sí 1971, tí a gbà pé wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, fi hàn pé àwọn baba ńlá mọ bí a ti í sun amọ̀ tí kò fi ní sán. Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ̀kọ́ onípò gíga ń fi kún un ni ìdí.

Ó pẹ́ tí Ọ̀wọ̀ ti ń lépa ẹ̀kọ́. Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin di ọ̀gá ilé-ìwé Imade College ní oṣù Kẹsàn-án 1947, ó sì wà níbẹ̀ títí di ìparí 1962. Ohun tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ rántí jù nípa rẹ̀ ni pé ó rán mẹ́fà nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ gba ẹ̀kọ́ sí i ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ó mọ̀ pé a kò lè mú ọmọ kọjá ibi tí olùkọ́ rẹ̀ dé. Ní oṣù Kìíní 1963 ó dá Owo High School sílẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ títí di 1975.

Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì a máa kọ́kọ́ lo ọdún méjì sí i ní ilé-ìwé fún ìwé-ẹ̀rí Higher School Certificate. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó sábà máa ń mú, bíi físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò, pẹ̀lú ìwé kan tí a ń pè ní General Paper. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ni ó ní kíláàsì yìí, nítorí náà àwọn ọmọ a máa rìn jìnnà. Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2017 títí di ìgbà tí ó kú ní 2023, dé Comprehensive High School, Ayétòrò, kí ó tó gba tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ni ó lọ kọ́ níkẹyìn. Láti Ọ̀wọ̀ dé Ayétòrò kì í ṣe ìrìn ọ̀sán kan fún ọmọdé.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, a gé ọdún méjì yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, a sì fi ọdún kan kún ti yunifásítì. Lójú ìwé, kò sí ohun tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n kíláàsì kékeré tí olùkọ́ kan ti ń jókòó ti ọmọ mẹ́wàá nínú yàrá àyẹ̀wò, tí wọ́n ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe títí yóò fi gún, kò sí mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí ó kún gbọ̀ngàn ọdún kìíní ní yunifásítì kò lè rí irú àbójútó bẹ́ẹ̀ gbà. Àdánù ni èyí, àwọn ọmọ ìlú kékeré ni ó sì dùn jù, nítorí ọmọ ọlọ́rọ̀ ní ìlú ńlá ṣì lè sanwó ilé-ìwé tí ń kọ́ni ní A-level ti Gẹ̀ẹ́sì.

Bí nǹkan ti rí ní ibòmíràn yẹ fún àkíyèsí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ọdún méjì tirẹ̀ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti àárín ọdún 1950 sí 1960 ni a ti ń jẹ́ kí ọmọ tí ó ṣì wà ní ilé-ìwé gíga kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún kìíní yunifásítì, lábẹ́ ètò Advanced Placement. Ó ń ṣe ìdánwò ní oṣù Kárùn-ún, a sì ń fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Bí ó bá ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò ka iṣẹ́ náà sí i lọ́rùn.

Ohun tí ó kù fún ọmọ Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ́n kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Further Mathematics ṣì wà nínú ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta òkè, a sì ń fi kọ́ ìṣirò ohun tí ń yí padà àti ti agbára tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Yíya àwòrán iṣẹ́-ẹ̀rọ náà wà. Olùkọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ilé-ìwé, JUPEB àti IJMB lè gbé ọmọ dé ọdún kejì ní yunifásítì, ṣùgbọ́n owó ni, ó sì ti kúrò nílé kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Ọ̀wọ̀ gan-an, Pólì tí a dá sílẹ̀ ní 1979, tí a ń pè ní Rufus Giwa Polytechnic lónìí, ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹnjiníà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdóàní. Ọ̀nà Benin gba Ifọ́n kọjá. Bí a bá ṣí yàrá àyẹ̀wò Pólì fún ogún ọmọ láti ilé-ìwé àgbègbè méjèèjì nígbà ìsinmi, tí olùkọ́ kan dúró tì wọ́n, tí a sì fún olúkúlùkù ní òkúta Òkèlúsè kan kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sun ún, kí ó sì tún un wọ̀n, kò sí òfin kankan tí a ní láti yí padà kí èyí tó ṣeé ṣe. Kìkì òṣùwọ̀n, iná àti ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí ọmọ bá rí i pé tirẹ̀ kò pé 56.