Ìwé Àṣẹ Erè: Ta Ni Yóò Kà Á fún Àgbẹ̀?

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí a ti sun igbó tán lágbègbè Nangbéto, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan pa kíláàsì jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó padà dé, mo bi í léèrè ibi tí ó lọ. Ó ní: “Ẹ má bínú, olùkọ́ wa. Èmi àti bàbá mi lọ gbẹ́ erè ni. Owó ilé-ìwé ni à ń wá.”

Kì í ṣe òjòlá ńlá tí í gbé ewúrẹ́ mì ni ó ń wí. Èyí tí àwọn Faransé ń pè ní python royal ni: ejò oníwà pẹ̀lẹ́, tí í ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Abo tó lóyún ni wọ́n ń hú jáde nínú ihò. Alágbàtà a rà á, a gbé e lọ sí Lomé; ibẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ yóò ti pa, tí a ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sìn wọ́n nínú àpótí dígí.

Òwò yìí ní òfin. Àdéhùn CITES tí a fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, tí Tógò sì wọ̀ ní 1978, pín ẹranko sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Erè yìí wà ní ìsọ̀rí kejì: a lè tà á sí òkèèrè, ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti ń jáde gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ, lẹ́yìn tí ó bá ti dá a lójú pé títà náà kò ní pa irú rẹ̀ run. Odídẹrẹ́ tiwa, oníkóóde, bọ́ sí ìsọ̀rí kìíní ní ìpàdé Johannesburg ní 2016. Èyí tí a mú nínú igbó kò ṣe é fi ṣòwò láàárín orílẹ̀-èdè mọ́. Nílé, òfin igbó ti ọjọ́ 19 oṣù Òkúdu 2008 kan ẹranko ìgbẹ́ pẹ̀lú. Ní Faransé, àṣẹ ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà 2018 sọ ẹranko tí ènìyàn lè sìn nílé, àti ìwé tí ó gbọdọ̀ gbà.

Nítorí náà, olùrà ní ìwé, olùtà ní Lomé ní ìwé. Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ mi ńkọ́? Ìdí ni a ti ń gun igi, ṣùgbọ́n òfin yìí, láti òkè ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ní èdè Faransé, fún ẹni tí ń sọ Ifẹ̀, Ewé tàbí Kabiyè. Bẹ́ẹ̀ ni erè ń jẹ eku, eku sì ń jẹ àgbàdo wa. Oko tí a kó erè rẹ̀ tán, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Ní Ouidah, níbi tí wọ́n ti ń bọ ejò yìí, ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà a rọra gbé e padà sí ilé òrìṣà. Ìbọ̀wọ̀ ni ìwé àṣẹ tiwọn.

Èmi kò bú àgbẹ̀ tí ń wá owó ilé-ìwé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ igbó wá sí abúlé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí wọ́n ṣàlàyé òfin lédè wa, kí wọ́n kọ iye abo tí a mú àti oko tí a ti mú un sílẹ̀, kí a sì dá ìyá padà lẹ́yìn tó bá yé.

Nígbà tí mo ka òfin náà fún kíláàsì, ọmọ náà béèrè pé: “Ṣé ìyá erè máa ń padà sí oko?” Mo ní kí ó kọ́kọ́ bi bàbá rẹ̀ bóyá ó rántí ihò náà. Lọ́jọ́ kejì, ó mú bébà kan wá: orúkọ oko mẹ́rin, àti iye abo tí wọ́n hú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ igbó yóò dé.