Sweden ní itẹ́ òkú mọ́tò nínú yìnyín, Cocody kò ní: Níbo ni mọ́tò àtijọ́ ń parí sí ní Abidjan?

Nínú igbó kan ní Båstnäs, ní ẹkùn Värmland lórílẹ̀èdè Sweden, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mọ́tò àtijọ́ ló wà láàrin igi, tí ẹnikẹ́ni kò wà mọ́. Saab wà níbẹ̀, Volvo wà níbẹ̀, Opel náà kò gbẹ́yìn. Igi ti gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn kan hù jáde. Nígbà òtútù, yìnyín á bo òrùlé wọn, àwọn ayàwòrán á sì gbéra láti ìlú òkèèrè wá wò wọ́n.

Irú ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní itẹ́ òkú mọ́tò. Amẹ́ríkà ní ọ̀kan tó lókìkí, Switzerland náà ní tirẹ̀ rí.

Àmọ́ tí àlejò kan bá dé Cocody ní Abidjan, lórílẹ̀èdè Côte d'Ivoire, tó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí òkú mọ́tò pọ̀ sí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé páàtì wo ló fẹ́ rà.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí?

'Ó dàbọ̀, Faransé'

Kì í ṣe pé mọ́tò ògbólógbòó wọ́n ní Cocody. Ẹsẹ̀ ọ̀sà Ébrié kan ló pààlà láàrin kọ́múùnù náà àti Plateau, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ńláńlá wà. Cocody ni Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny wà, ibẹ̀ náà ni Hôtel Ivoire, tí wọ́n ṣí ní 1963, wà. Hótẹ́ẹ̀lì yẹn ní gbàgede kan nígbà kan tí àwọn èèyàn ti ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín. Yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fíríjì, bóyá lẹnikẹ́ni tún rí yìnyín mìíràn ní Cocody.

Ṣùgbọ́n lójú títì Angré, Riviera àti Deux-Plateaux, takisí aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní woro-woro ló ń kó èrò, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti sin ẹlòmíràn nílẹ̀ òkèèrè kó tó dé Abidjan. Èdè Dioula ni wọ́n ti mú orúkọ náà. 'Woro' ni ẹẹ́fà. Owó ẹyọ fáráǹsì márùn-ún lọ́nà mẹ́fà, ìyẹn 30 fáráǹsì, ni èrò kọ̀ọ̀kan ń san nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ká ní Yorùbá ló sọ ọ́ lórúkọ ni, 'mẹ́fàmẹ́fà' ni ì bá máa jẹ́.

Yorùbá kò kúkú ṣàjèjì níbẹ̀. Anango ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló sì wá láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, débi pé kì í ṣe ohun ìyanu láti gbọ́ Faransé lọ́jà Èjìgbò.

Ọkọ̀ tí àwọn ará Èkó ń pè ní tòkúnbọ̀, 'France au revoir' ni ará Abidjan ń pè é, ìyẹn 'ó dàbọ̀, Faransé'. Ìtàn kan náà ni orúkọ méjèèjì ń sọ. Ẹni tó dúró ní èbúté láti gba mọ́tò ló sọ ọ́ ní tòkúnbọ̀. Èkejì fojú ara rẹ̀ sí ilẹ̀ tí mọ́tò ti gbéra.

UNEP, ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sọ nínú àbọ̀ ìwádìí tó gbé jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2020 pé láàrin 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ tà sí orílẹ̀èdè mìíràn. Ilẹ̀ Áfíríkà ló gba èyí tó pọ̀ jù.

Èyí ni pé mọ́tò tí ì bá kú sínú igbó kan ní Yúróòpù ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ọjọ́ ikú rẹ̀ tó pé.

Ibi tí wọ́n ti ń ta páàtì ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀

Ìtàn kan tó gbajúmọ̀ nípa Båstnäs sọ pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló fi àwọn mọ́tò náà sílẹ̀ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló ń ra mọ́tò tó ti bàjẹ́, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n sì ń ta páàtì rẹ̀, pàápàá fún àwọn ará Norway tí ẹnubodè wọn kò jìnnà síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Old Car City ní ìlú White, ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà. Ṣọ́ọ̀bù ni ìdílé kan dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1931, kó tó di ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù àti páàtì. Nígbà tó yá, mọ́tò tó lé ní 4,000 ló wà lórí ilẹ̀ éékà 34, tí àwọn àlejò sì ń sanwó kí wọ́n tó wọlé wò wọ́n.

Kí ló dé tí àwọn tó ń ra páàtì kò wá mọ́? Owó iṣẹ́ ni. Níbi tí owó wákàtí kan tí mẹkáníìkì ń gbà bá ti ju iye páàtì àlòkù lọ, tí òṣìṣẹ́ sì lè yá owó ní báńkì ra mọ́tò tuntun, ta ni yóò fi odindi ọjọ́ méjì wá ilẹ̀kùn Opel 1958? Mọ́tò náà kò pa owó wọlé mọ́, ilẹ̀ pọ̀, èèyàn kò pọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé e kúrò. Igi wá hù.

Bíi màlúù tí wọ́n pa

Ní Abidjan, ìṣirò yìí yàtọ̀ pátápátá. Mẹkáníìkì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páàtì tuntun, mọ́tò tí irú páàtì bẹ́ẹ̀ bá sì mu ṣì ń ná títì lójoojúmọ́. Nítorí náà oníbàárà kì í tán.

'La casse' ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò. Adjamé àti Abobo, àwọn kọ́múùnù tó múlé gbe Cocody, ni orúkọ wọn lókìkí jù fún iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti dé Ladipo l'Ékòó tàbí Araromi ní Agodi Gate n'Ìbàdàn rí ti mọ bí ibẹ̀ ṣe rí.

Bí wọ́n ṣe ń pín màlúù ni wọ́n ń pín mọ́tò níbẹ̀. Nínú màlúù, ẹsẹ̀ á di bọ̀kọ̀tọ̀, awọ á di pọ̀nmọ́. Nínú mọ́tò, bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń ra lódidi. Iná iwájú, díńgí, ilẹ̀kùn àti gíláàsì ní oníbàárà tiwọn. Ìjókòó á lọ sí ṣọ́ọ̀bù bábà tàbí abẹ́ igi níbi tí àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń dúró de èrò. Táyà á di bàtà. Wọ́n á sun wáyà kí wọ́n lè rí kọ́pà inú rẹ̀.

Èyí tó bá kù, ìyẹn páànù ara ọkọ̀ náà, wọ́n á fi òòlù àti irin mímú gé e, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù. Iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin á sọ ọ́ di irin ìkọ́lé. Alumíníọ̀mù inú ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ lè dé ilé ìdáná: àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìkòkò jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń yọ́ ọ mọ́ àwọn alumíníọ̀mù àlòkù mìíràn.

Ojú ọjọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú kí irin dípẹtà, iyọ̀ sì ń mú kó yá. Òtútù líle máa ń fà á sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí páànù mọ́tò kan fi lè pẹ́ nínú igbó Sweden. Abidjan wà láàrin òkun àti ọ̀sà, ooru àti ọ̀rinrin sì pọ̀ níbẹ̀ yíká ọdún. Nígbà tí yìnyín bá ń bọ́ ní Värmland, láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ lè fẹ́ dé Abidjan, kí afẹ́fẹ́ gbẹ díẹ̀. Kì í pẹ́ lọ. Mọ́tò tí wọ́n bá pa tì kò ní pẹ́ níbẹ̀ tó ti Sweden kí ó tó jẹrà, kódà bí àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù bá fojú fò ó.

Àwọn mọ́tò wo ni ẹ̀yìn ọ̀la yóò rí?

Ohun kan ń sọnù nínú ètò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi nǹkankan ṣòfò. Wọ́n to Renault pọ̀ ní Abidjan rí. Ní Nàìjíríà, oṣù Kẹta ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, oṣù yẹn kan náà sì ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ìjàpá tó jáde láti Ọ̀jọ́ àti Píjò 504 tó jáde láti Kaduna gbé dókítà, tíṣà àti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹni tó bá ń wá wọn lónìí yóò wá wọn tì kó tó rí ọ̀kan tó ṣì pé.

Mọ́tò tó lókìkí jù tí wọ́n tọ́jú ní Nàìjíríà wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, l'Ékòó: Mercedes dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ó gba kí wọ́n pa olórí orílẹ̀èdè kan kí mọ́tò rẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tú mọ́tò.

Òjé kì í lọ

Àwọn nǹkan kan wà tí kò sẹ́ni tó ń rà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó dà sílẹ̀ wà lára wọn, èéfín wáyà tí wọ́n sun wà lára wọn. Èyí tó burú jù ni òjé inú bátìrì.

Itẹ́ òkú mọ́tò gan-an kò bọ́ nínú èyí. Ní Kaufdorf, nítòsí ìlú Bern ní Switzerland, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò àtijọ́ wà nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olólùfẹ́ wọn sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba fi wọ́n sílẹ̀. Òfin ààbò omi àti ilẹ̀ kò gbà. Wọ́n ta gbogbo wọn ní gbàǹjo ní 2009.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye-sur-Mer, ní Dakar lórílẹ̀èdè Senegal, le ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fọ́ bátìrì mọ́tò ní àdúgbò náà. Nígbà tí owó òjé gbówó lórí lọ́jà àgbáyé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ń gbé yẹ̀pẹ̀ náà lọ sílé láti jọ̀ ọ́, kí wọ́n lè ṣa òjé inú rẹ̀ tà. Láàrin oṣù Kọkànlá 2007 sí oṣù Kẹta 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìlera ṣàyẹ̀wò èèyàn 81 ládùúgbò náà, tó fi mọ́ ìyá àti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ tó kú. Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn dé ìwọ̀n tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ní Cameroon, àwọn onímọ̀ tún rí òjé tó ń yọ jáde láti inú ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n rọ láti ara irin àlòkù, nígbà tí wọ́n se nǹkan kíkan nínú rẹ̀.

Ìjọba Côte d'Ivoire ṣe òfin kan ní oṣù Kejìlá 2017 pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀èdè náà mọ́. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Ẹnubodè ló dojú kọ. Àwọn tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀ ní bátìrì tiwọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọmọṣẹ́ tó bá sì kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ máa ń fi ọwọ́ lásán gbé e ni.