Ẹ Má Ra Káàdì Àjẹsára Lẹ́nu Géètì: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Fẹ́ Mú Ọmọ Ológbò Wálé

Inú ọ́fíìsì ilé ìwòsàn ẹranko wa nìkan la ti ń gba owó káàdì àti owó abẹ́rẹ́, a ó sì já rìsíìtì fún yín. Ẹni tó bá dá yín dúró lẹ́nu géètì pé òun á bá yín ṣe é kíákíá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. A mọ̀ pé ìlà máa ń gùn; ẹ tètè dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ológbò ló ń dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú káàdì tó kún fọ́fọ́, tí ara wọn ò sì gba ìkankan nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ yẹ káàdì wò dáadáa. Bébà kékeré kan máa ń wà lára ìgò abẹ́rẹ́, tí dókítà yóò ṣí, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ káàdì. Orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí kò ní wúlò mọ́ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kìkì bírò lẹ rí, tó dà bí ohun tí ẹnì kan jókòó kọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dá káàdì náà padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ tún ka ọ̀sẹ̀. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, a ó tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ti dìgbòlugi di ọ̀sẹ̀ 12. Bí káàdì ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 bá ní ó ti gba ti dìgbòlugi, ayédèrú ni. Ẹni tó sì ń gbé abẹ́rẹ́ gidi kiri nínú àpò ṣòkòtò ò sàn ju ẹni tó ń ta ayédèrú káàdì lọ: inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Èyí tí ooru bá ti bà jẹ́ ò lè dáàbò bo ẹran yín.

Bí ẹ bá ń yan ọmọ ológbò, ẹ má gba èyí tí kò pé ọ̀sẹ̀ 8, bó ti wù kó wuni tó. Ẹ ní kó jẹun lójú yín. Kí ojú rẹ̀ má ní ìpin, kí imú rẹ̀ má ṣàn. Ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè, kí ìdí rẹ̀ mọ́. Ẹ tú irun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun dúdú wínníwínní, ẹ fi òwú tútù nù ún: tó bá di pupa, ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ ni. Ikùn ńlá lára tó rù, aràn ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Nílé, ẹ fún un ní yàrá kan, iyanrìn nínú abọ́, àti oúnjẹ tó ti mọ̀. Wàrà màálù lè mú un ṣu gbuuru. Ẹ má fi Sniper tàbí ọ̀tá-pia-pia pa yọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ má fi Izal wẹ̀ ẹ́. Yóò lá ara rẹ̀, yóò sì gbé e mì. Ìdajì hóró Panadol tó láti pa á.

Bó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.

Apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí tàbí páálí tí ẹ dá ihò sí ni kí ẹ fi gbé e wá. Ẹ má fi í sínú àpò ọ̀rá. Ẹ mú káàdì àti rìsíìtì dání fún abẹ́rẹ́ kejì. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò ní bébà ìgò, a ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ìpilẹ̀, owó àkọ́kọ́ ni yóò sì tún san.