Ọwọ́jà Lára Hilux: Ohun Tí Sínọ́kẹ̀lì Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ló pè mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń ṣe báyìí lápá Òkè-Ògùn, odò kéékèèké mẹ́ta ló sì wà láàárín ilé rẹ̀ àti oko tó jìnnà jù nínú àwọn oko tó ń bójú tó. Ó ní, "Bàbá, mo ti ra sínọ́kẹ̀lì fún Hilux mi. Mẹkáníìkì ní kí n gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé kí àwọn lu ihò sí i lára. Ẹ̀rù ihò yẹn ń bà mí, sà. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n lù ú?" Mo ní kó ṣe sùúrù ná. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, torí kì í ṣe òun nìkan ló ti bi mí.

Ẹ ti rí nǹkan náà lára àwọn Hilux àti Land Cruiser tí wọ́n ń gbé lọ sígbèríko: páìpù dúdú kan tó yọ láti ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó fara ti òpó gíláàsì iwájú, tó wá gbé orí sókè ní ọ̀gangan òrùlé ọkọ̀. Àwọn kan rò pé èéfín ló ń gba ibẹ̀ jáde. Ó tì o. Atẹ́gùn ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Imú ọkọ̀ ni. Tí ẹ bá ti rí erin tó ń la odò kọjá rí, bó tilẹ̀ jẹ́ nínú fíìmù, ẹ ó rí i pé gbogbo ara rẹ̀ lè rì tán, àmọ́ ọwọ́jà rẹ̀ á nà sókè gbọnrangandan kó lè máa rí èémí. Èmi a máa pe páìpù yìí ní ọwọ́jà. Àwọn mẹkáníìkì kò ní gbà, ṣùgbọ́n ilé mi la wà yìí.

Orúkọ tí ayé ń pè é, inú òkun ló ti wá. Àwọn ará Netherlands ló fi irú páìpù bẹ́ẹ̀ sára ọkọ̀ ogun abẹ́ omi wọn kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ́ńjìnnì dísù lè máa mí láìjẹ́ pé ọkọ̀ gbé gbogbo ara sókè. Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn ní 1940, ọwọ́ wọn tẹ ọgbọ́n yẹn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Schnorchel. Àwọn ará Australia ló wá sọ ọ́ di nǹkan ojoojúmọ́ lára ọkọ̀ orí ilẹ̀. Ní àríwá ilẹ̀ wọn, odò máa ń bo ọ̀nà nígbà òjò. Ní àárín ilẹ̀ náà, eruku lọ rẹrẹ. Ẹ fi ti eruku yẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Kí ló dé tí omi fi jẹ́ májèlé fún ẹ́ńjìnnì? Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, ẹ má sá. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọmọ yìí jẹ́ dísù onílítà mẹ́ta, ó ní sìlíńdà mẹ́rin. Nígbà tí písítínì bá sọ̀kalẹ̀, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń fa atẹ́gùn bíi mìlílítà 745 sínú. Nígbà tó bá ń gòkè, á fún atẹ́gùn yẹn pọ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi há sínú ààyè tí kò ju nǹkan bíi mìlílítà 44 lọ. Fífún yẹn ló ń mú atẹ́gùn gbóná débi tí dísù fi ń gbiná láìsí púlọ́ọ̀gì. Atẹ́gùn gbà kí wọ́n fún òun pọ̀. Omi kì í gbà. Mìlílítà 44 kò ju ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lọ. Tí omi tó pọ̀ ju ṣíbí mẹ́ta lọ bá ti wọ sìlíńdà kan, písítínì á gòkè, á bá omi níbẹ̀, kò ní ríbi lọ mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń sáré ò sì mọ̀ ọ́n dúró lójijì. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ yẹ̀. Kọ́nródù ló sábà máa ń yẹ̀: á tẹ̀ kọdọrọ, nígbà mìíràn á ṣẹ́, á sì dá ihò sí ara ẹ́ńjìnnì.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, lálẹ́ ọjọ́ tí òjò ba Ìbàdàn jẹ́, mo wà lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi kékeré. Mo wọ inú omi kan tí mo rò pé kò ju orókún lọ. Ọkọ̀ kú. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n, tí mo ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nípa ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lókè yìí, mo tún yí kọ́kọ́rọ́! Ó ṣe bí ẹni fẹ́ gbé, mo sì gbọ́ "gbà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó oṣù mẹ́ta ló bá a lọ. Ká ní mo fọwọ́ lẹ́rán ni, ó ṣeé ṣe ká kàn tú púlọ́ọ̀gì, ká yí ẹ́ńjìnnì kí omi tú jáde, ká pààrọ̀ ọ́ìlì, kó sì parí síbẹ̀. Torí náà, sínọ́kẹ̀lì tàbí àìsí sínọ́kẹ̀lì, tí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má ta á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á jáde kí ẹnì kan tú u wò. Àwọn ará ilé mi ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dá mi lára títí dòní.

Lára Hilux tí kò ní ọwọ́jà, ihò ìmí ẹ́ńjìnnì wà nínú fẹ́ńdà, lẹ́yìn iná iwájú. Ibẹ̀ kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò gọ̀. Toyota fọwọ́ sí i pé Hilux òde òní lè wọ omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 70. Àmọ́ omi odò kì í dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ọkọ̀ bá ń wọ inú rẹ̀, á máa ti ìgbì síwájú. Bí táyà iwájú bá sì já sí kòtò, omi á gun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Irú ẹ́ńjìnnì tí mo sọ yìí, tó bá ń yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ń fa atẹ́gùn lítà 4500 láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ká má tíì ka ti tọ́bò mọ́ ọn. Tánkì omi onílítà 1000 mẹ́rin àbọ̀ nìyẹn. Ohun tó ń fa nǹkan báyẹn, ìgbì kan ṣoṣo tó bá dé ẹnu rẹ̀, ó ti gbé e mì.

Ó wá kan ihò. Ẹ̀rù tó ń ba ọmọ yìí, ẹ̀rù tó yẹ ni, torí fẹ́ńdà tí a bá ti lu kì í padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tó bá ní sùúrù. Bébà àwòṣe kan sábà máa ń bá sínọ́kẹ̀lì wá nínú páálí rẹ̀; wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fẹ́ńdà, wọ́n á sì fi sàmì sí ibi tí ihò máa wà. Bébà lè purọ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé àdàkọ ni. Mo ní kó gbé sínọ́kẹ̀lì fúnra rẹ̀ lé ara ọkọ̀, kó wò ó bóyá ó jókòó dáadáa láti fẹ́ńdà dé òpó gíláàsì, kí ẹnikẹ́ni tó mú dírìlì. Kí wọ́n tú ike tó wà nínú ihò táyà, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tó wà lẹ́yìn irin náà, torí wáyà máa ń gba ibẹ̀. Ihò kékeré ni wọ́n máa kọ́kọ́ lu, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi dírìlì tí ẹnu rẹ̀ rí bí ife gé ńlá, èyí tó fẹ̀ tó ẹnu ife tíì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń sá eré nìyí. Tí wọ́n bá gé irin tán, ara rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ó gba fífi fáìlì rá a kó dán, gbígbá gbogbo ìyẹ̀fun irin kúrò, àti fífi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó sì gbẹ. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ẹni tó bá fo wákàtí yẹn, ìpẹtà á máa jẹ fẹ́ńdà rẹ̀ lábẹ́ sínọ́kẹ̀lì níbi tójú kò tó, kó tó di ọdún méjì panẹ́ẹ̀lì bítà á ti rí iṣẹ́. Bákan náà, lára òpó gíláàsì iwájú, kí wọ́n mọ bí irin dírìlì ṣe gùn tó. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun, báàgì atẹ́gùn tó ń dáàbò bo orí èèyàn lè wà nínú òpó yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù, òun náà ni kò sì hàn síta: bí páìpù ṣe máa so mọ́ àpótí fítà. Gbogbo oríkèé ló gbọ́dọ̀ ní kílípù tó fún un, kí wọ́n sì fi sílíkóònù dí i. Ọ̀pọ̀ sínọ́kẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà kàn gbé ẹnu atẹ́gùn sókè lásán ni. Ìsàlẹ̀ ń jò bí asẹ́. Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tí kò mọ̀ kì í wò. Nísàlẹ̀ àpótí fítà, ó sábà máa ń ní ihò kékeré kan tí wọ́n dá síbẹ̀ kí omi òjò tó bá wọlé lè jò jáde. Ihò tó ń tú omi jáde lórí ilẹ̀, tó bá wà lábẹ́ omi, òun ló máa fa omi wọlé. Ẹ dí i, tàbí ẹ fi rọ́bà olójú-kan sí i, irú èyí tó ń jẹ́ kí omi jáde tí kì í jẹ́ kó wọlé.

Ẹnu ọwọ́jà máa ń kọjú síwájú. Ṣé òjò kò ní wọ̀ ọ́? Díẹ̀ á wọ̀ ọ́, àmọ́ èyí tó dára ní ojú tó là sí orí rẹ̀ tí omi ń gbà ṣàn jáde kó tó sọ̀kalẹ̀. Tí ẹ bá ń tẹ̀ lé ọkọ̀ mìíràn nínú eruku, ẹ lè yí i padà kó kọ ẹ̀yìn.

Eruku yẹn gan-an ni mo fẹ́ padà sí. Nínú oṣù méjìlá, oṣù mélòó ni ọmọ yìí máa fi wọ odò? Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi máa dé, ojoojúmọ́ ló ń jẹ eruku pupa. Ibi tí táyà ti ń tú eruku sókè ló pọ̀ jù. Lókè òrùlé ó fúyẹ́. Fítà rẹ̀ á pẹ́ kó tó dí, ẹ́ńjìnnì náà á sì pẹ́. Lójú tèmi, ìdí yìí nìkan tó láti ra á. Ẹni tó ń gbé inú ìlú tó fẹ́ ẹ fún fáàrí, owó rẹ̀ ni, n ò bá a jà.

Àmọ́ mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ọmọ yìí tí kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní, "Bàbá, èmi àti odò yẹn ti parí ìjà." Mo ní, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Imú lo gbé sókè, o kò gbé ọkọ̀ sókè. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣì wà níbi tó wà, ọ́títánétọ̀ àti wáyà ṣì wà níbi tí wọ́n wà, sẹ̀ǹtímítà 70 Toyota kò tíì di mítà kan. Gíábọ́ọ̀sì àti dífù náà ń mí. Wọ́n gbóná nígbà tó ń sáré bọ̀. Bí wọ́n bá já sínú omi tútù, atẹ́gùn inú wọn á sún kì, wọ́n á sì fa omi gba ojú síìlì wọlé tí ihò ìmí wọn bá ti dí tàbí tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ́ìlì inú wọn á dà bíi tíì oníwàrà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gun òkè lọ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń wo ìyẹn sàn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo ní kó ṣe é lọ́jọ́ kan náà.

Ti omi tó ń ṣàn tún wà. Àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà máa ń kìlọ̀ pé omi ẹsẹ̀ bàtà méjì tó ń ṣàn lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà méjì kò tó sẹ̀ǹtímítà 70. Nínú omi bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè máa mí dáadáa lókè, kí odò sì máa gbé ọkọ̀ àti ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì. Mo jẹ́ kó ṣèlérí fún mi pé òun á máa fi ẹsẹ̀ àti ọ̀pá wọn odò kí òun tó wọ̀ ọ́, pé odò tí ẹsẹ̀ òun kò bá lè dúró nínú rẹ̀, ọkọ̀ òun kò ní wọ̀ ọ́.

Wọ́n lu ihò náà lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ní kó má san owó tó kù títí wọ́n á fi dán an wò: kí ọkọ̀ wà lórí ìdúró, kí ẹnì kan gun òkè lọ fi pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi rọ́bà bò bo ẹnu ọwọ́jà pa. Tí gbogbo oríkèé bá dí, ẹ́ńjìnnì kò ní rí èémí, á kú. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, ibòmíì ló ti ń mí, ibẹ̀ náà lomi máa gbà.

Ó pè mí látibẹ̀. Wọ́n ti bo ẹnu rẹ̀, ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ geere. Mẹkáníìkì ní kò sóhun tó ṣe é, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń ṣe. Mo ní kó ṣí àpótí fítà, kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ihò náà ló wà níbẹ̀ tó la ojú kalẹ̀. Wọ́n dí i, wọ́n tún kílípù kan fún. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Bàbá, ó ti kú o. A dúpẹ́."