Rọ́, Yẹ̀, Dá, Já: Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin fún Ẹsẹ̀ Kan

Bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá ṣubú ní Kétu níbí, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ó kàn rọ́ ni, ẹ fi omi gbígbóná jó o.” Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni Yorùbá ní fún un.

Bí iṣan tó so eegun pọ̀ bá fà jù, ó rọ́. Bí eegun bá kúrò ní oríkèé, ó yẹ̀. Bí eegun fúnra rẹ̀ bá ṣẹ́, ó dá. Bí iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá gé, ó já. Á dà bíi pé wọ́n ta ẹni náà nípàá látẹ̀yìn.

Ojú lásán kì í sábà mọ rọ́ yàtọ̀ sí dá, torí méjèèjì ló ń wú. Ìlànà táwọn dókítà Ottawa ní Kánádà gbé jáde ní 1992 ràn wá lọ́wọ́: bí kò bá lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí eegun kókósẹ̀ ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́, kó lọ ya X-ray. Ìgbóbì ò kúkú jìnnà; láti 1945 ni wọ́n ti ń tọ́jú eegun níbẹ̀.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ má ra á, ẹ má fà á. Bí wọ́n bá sì ti fi igi dì í, tí ọmọ ìka ń tutù tàbí tó ń dúdú, ẹ tú u kíá, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ tí ì bá san lè di gígé.