Ìtọpinpin Àbùkù Fáànù Ẹ̀rọ Amúgbóná Inú Ọkọ̀

1. Ìfáàrà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí òtútù ti ń mú gidigidi, ẹ̀rọ amúgbóná inú ọkọ̀ kì í ṣe ohun fàájì lásán. Òun ni ó ń lé ìrì àti yìnyín kúrò lára gíláàsì iwájú kí awakọ̀ lè rí ọ̀nà. Bí fáànù ẹ̀rọ yìí bá dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ òtútù, èémí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ yóò bo gíláàsì bí ìkùukùu, wíwa ọkọ̀ náà yóò sì di ewu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọn yóò pààrọ̀ ohun tí ó jó, wọn yóò sì máa bá tiwọn lọ. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun tí ó jó kì í sábà jẹ́ àrùn fúnra rẹ̀. Àmì àrùn ni. Ẹni tí ó bá tọ́jú àmì láìwá àrùn rí lè sọ àbùkù kékeré di iná ńlá.

2. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ọkọ̀ tí ń lo epo pẹtiróòlù tàbí dísù, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni ó ń gbé ooru wọ inú rédíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ fáànù ni láti fẹ́ atẹ́gùn gba ara rédíétọ̀ yìí kọjá. Nítorí náà, ìyàtọ̀ wà láàrin kí atẹ́gùn máa fẹ́ ṣùgbọ́n kí ó tutù, àti kí atẹ́gùn má fẹ́ rárá. Ti àkọ́kọ́ kì í sábà kan fáànù. Omi ẹ́ńjìnnì tàbí ohun tí ń darí atẹ́gùn ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ti ìkejì ni ọ̀rọ̀ fáànù gan-an.

Iná ń ti bátìrì fọ́ọ̀tì 12 wá. Yóò gba fíúsì, rìlée, súíìṣì, rẹsísítọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń yí fáànù kọjá, kí ó tó padà sí bátìrì láti ara irin ọkọ̀, èyí tí àwọn rẹwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ètò wọn lè yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ibi yòówù tí ọ̀nà yìí bá ti já, fáànù yóò dákẹ́.

Rẹsísítọ̀ ni ó ń dín iná kù kí fáànù lè fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iná tí ó dín kù yìí ń di ooru lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbé e sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn, kí fáànù kan náà lè máa tù ú lára. Bí a bá yí súíìṣì sí ibi tí fáànù ti ń fẹ́ jù lọ, iná kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Lára ọ̀pọ̀ rẹsísítọ̀, fíúsì kékeré kan wà tí yóò yọ́ tí yóò sì já bí ooru bá pọ̀ jù.

3. Ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí

(i) Bí fáànù bá ń fẹ́ ní ipele tí ó ga jù lọ nìkan, rẹsísítọ̀ ni a ó kọ́kọ́ fura sí.

(ii) Bí ó bá jẹ́ ipele kan láàrin ni kò ṣiṣẹ́, apá kan rẹsísítọ̀ tàbí ojú kan nínú súíìṣì ni ó ti bàjẹ́.

(iii) Bí kò bá fẹ́ ní ipele kankan, ó lè jẹ́ fíúsì, rìlée, súíìṣì, ẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀rọ fáànù fúnra rẹ̀.

(iv) Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá rọra kàn án lára, ó ṣeé ṣe kí kábọ̀n inú rẹ̀ ti jẹ tán.

(v) Bí ó bá ti ń han kí ó tó dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ojú ibi tí ó ti ń yí ti gbẹ tàbí pé ewé ti há sí i.

4. Ìlànà àyẹ̀wò

Fíúsì ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wà láìjó, a ó yọ ṣọ́ọ̀kì tí ó gbé iná wọ ẹ̀rọ fáànù, a ó ṣí ọkọ̀, a ó sì yí súíìṣì sí ipele tí ó ga jù lọ. A ó wá fi gílóòbù fọ́ọ̀tì 12 kan ojú méjèèjì ṣọ́ọ̀kì náà. Bí ó bá tàn dáadáa, iná ń dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ fáànù ni ó kú. Bí kò bá tàn, a ó fi ẹsẹ̀ gílóòbù kan mọ́ irin ọkọ̀ tí kò dípẹtà, a ó sì fi èkejì kan wáyà tí ó yẹ kí ó gbé iná wá. Bí ó bá tàn báyìí, ọ̀nà ìpadà ni ó já. Bí kò bá tàn, a ó máa tọ wáyà náà padà sẹ́yìn títí a ó fi dé ibi tí iná pin sí. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti ń darí fáànù, mítà ni ó yẹ kí a lò dípò gílóòbù.

5. Ohun tí ó fa jíjó náà

Bí fíúsì tàbí rẹsísítọ̀ bá jó, ìbéèrè kù: kí ni ó jó o? Fáànù tí kò yí geere mọ́ ń fa iná ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì ní fẹ́ atẹ́gùn tó láti tu rẹsísítọ̀ lára. Bákan náà ni asẹ́ atẹ́gùn tí ó ti dí ṣe ń dín atẹ́gùn náà kù. Rẹsísítọ̀ tuntun tí a bá fi síwájú irú fáànù bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi jó. Èyí tí ó burú jù ni kí a fi wáyà lásán di ojú ibi tí fíúsì já, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ tí ó ń dènà iná ni a mú kúrò yẹn.

Ẹ̀rí ohun tí èyí lè fà wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Vauxhall Zafira B gbiná níbẹ̀, ibi fáànù amúgbóná ni iná sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2015, ilé iṣẹ́ náà pe ọkọ̀ tí ó ju 200,000 lọ padà fún àyẹ̀wò. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn kan ti tún fíúsì orí rẹsísítọ̀ ṣe lọ́nà tí kò tọ́. Ní 2016, ó tún pè wọ́n padà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé fáànù tí omi ti bà jẹ́ tí ó sì dípẹtà lè fa ooru àpọ̀jù. Ní 2017, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà bu ẹnu àtẹ́ lu ilé iṣẹ́ náà pé ó lọ́ra jù. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Fáànù kan náà ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí náà ìlànà àyẹ̀wò kan náà ni ó bá a mu.

6. Ìkádìí

Ní ṣókí, a ti rí i pé àmì ni ó ń tọ́ni sí ibi tí a ó wò, ọ̀nà iná ni ó ń fi àbùkù hàn, ìdí jíjó sì ni ó ń fi òpin sí àbùkù náà. Iṣẹ́ rẹwáyà kò tíì parí nígbà tí fáànù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ìgbà tí ó bá mọ ìdí tí ó fi dákẹ́, tí ó sì ti mú ìdí náà kúrò, ni iṣẹ́ parí.