ÌTỌ́JÚ ÀGBÀLÁ ILÉ NÍ ÌGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN ÀTI NÍ ÌGBÀ ÒJÒ

Nígbà tí àwọn àgbà bá sọ pé ilé kan mọ́, kì í ṣe inú yàrá nìkan ni wọ́n ń sọ. Iwájú ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kí ojú wọn tó dé ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ tí a gbá, tí ojú ìgbálẹ̀ hàn lára rẹ̀ bí ìlà, ni ẹ̀rí pé ara àwọn onílé yá. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní koríko tí a gbìn fún ẹwà, àwọn mìíràn sì ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá. Ọ̀nà mẹ́ta yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, pẹ̀lú ohun tí oòrùn àti òjò ń ṣe sí wọn láàárín ọdún kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹni tí ó bá rìn káàkiri àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn yóò rí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta, nítorí pé òjò ti wọ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n yan ilẹ̀ gbígbá. Ejò àti àkekèé kì í rí ibi farapamọ́ sí lórí ilẹ̀ tí ó mọ́ kedere. Ibẹ̀ ni a ń sá èlùbọ́ àti kòkó sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé sì ń ṣeré òṣùpá. Ó dàbí ẹni pé àṣà yìí bá àwọn tí a kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé òkè òkun, nítorí pé Richard Westmacott, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1992, ṣe àkọsílẹ̀ irú àgbàlá gbígbá bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìgbèríko gúúsù Amẹ́ríkà.

Ìjọba amúnisìn wá fi àṣẹ kún àṣà. Wolé-wolé a máa wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọn a sì máa bá onílé tí igbó yí ilé rẹ̀ ká wí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti so ẹ̀fọn mọ́ koríko nínú ọkàn wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Láti 1897 tí Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ni a ti mọ ẹni tí ó ń gbé ibà kiri. Ṣùgbọ́n inú omi tí kò ṣàn ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, ìyẹn inú agolo, èèpo àgbọn, táyà àlòkù, àti kòtò tí òjò gbẹ́ sí ojú ilẹ̀ gbalasa. Ẹ̀fọn lè sinmi nínú koríko gíga, kò lè pa ọmọ níbẹ̀. Ẹni tí ó ro gbogbo koríko rẹ̀ tán, tí ó wá fi agolo mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Koríko ẹwà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1830 ni Edwin Budding, ará England, ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, èyí tí irú rẹ̀ kò sí tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ tirẹ̀, kò sí oṣù tí òjò kì í rọ̀. Àwọn òyìnbó gbé àṣà náà wá sí ibùgbé wọn tí a ń pè ní GRA, ó sì tibẹ̀ wọ ilé-ìwé àti yunifásítì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ju lángalánga láàárọ̀ láti ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ Budding. Òjò tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún tó nǹkan bí 1,200 sí 1,300 mílímítà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti London. Síbẹ̀ koríko London kì í pọ́n ní oṣù kìíní bí tiwa, nítorí pé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá ni tiwa ti ń rọ̀ tán. Àwa jogún koríko náà, a kò jogún òjò tí ó ń dá a sí.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí koríko sì pọ́n, kò tíì kú. Ẹ má ṣe da omi tí ènìyàn ìbá mu lé e lórí. Ewúro àti ọmọ igi ọsàn tí kò tíì fìdí múlẹ̀ ni ó ni omi náà, kí a sì bu u sí wọn nídìí ní àfẹ̀mọ́jú tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí a fi ewé gbígbẹ bo ìdí wọn. Ewé tí ó já sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dáná sun lásìkò yìí. Yàtọ̀ sí pé iná ọyẹ́ kò ṣé é gbẹ́kẹ̀lé, ohun tí ìbá di ilẹ̀dú ni a fi ń ṣe èéfín. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé lórí ààtàn àtijọ́ ni elégédé àti tẹ̀tẹ̀ ti ń ta yọ. Ààtàn òde òní ń fẹ́ ṣíṣà kí a tó lò ó, nítorí ọ̀rá àti òkúta bátìrì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni òjò àkọ́rọ̀. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, òjò ń bá ìjì dé, ó sì ń bá ilẹ̀ ní ìhòòhò, nítorí pé oòrùn ti pa ewéko, onílé sì ti fi ọkọ́ ro èyí tí ó kù kí àgbàlá lè mọ́. Ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan ń tú eruku, eruku náà ń dí ojú ihò ilẹ̀, omi kò sì rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ó ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó bá tú. Ìgbálẹ̀ ojoojúmọ́ ti kó tirẹ̀ lọ ṣáájú. Ẹ wo ìdí igi màńgòrò iwájú ilé: gbòǹgbò tí ó yọ síta kò gòkè wá, ilẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí a dín ilẹ̀ gbígbá kù, kí a má pa á rẹ́. Bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yí ilé ká ti tó láti lé ejò jìnnà. Ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń kán sí, kí a to òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Ní ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, àdá ni kí a fi gé koríko, kì í ṣe ọkọ́, kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú. Kí a sì gbin pèrègún tàbí koríko ọba ní ìlà tí ó dábùú ọ̀nà omi. Pèrègún tí a fi ń pààlà oko láti ìgbà láéláé kò ṣòro láti gbìn: a gé e, a rì í mọ́lẹ̀, ó hù. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ koríko ẹwà, ìgbà yìí ni kí ó gbìn ín. Kápẹ́ẹ̀tì, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, ń gba òjìji. Bahama, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ń fẹ́ oòrùn, ó sì ń fara da ọ̀dá jù ú lọ.

Ní ti sìmẹ́ńtì, òótọ́ ni pé kò ní ẹrẹ̀, kò sì ń fẹ́ ìgbà kan pàtó. Àmọ́ gbogbo omi tí kò bá wọ ilẹ̀ ní ilé ẹnì kan yóò wọ ilé ẹlòmíràn. Àwọn tí ó rántí omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, àti ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, mọ ohun tí omi tí kò rí ilẹ̀ wọ̀ lè ṣe ní Ìbàdàn. A kò sọ pé sìmẹ́ńtì nìkan ni ó fà á. Pàǹtírí inú odò àti ilé tí a kọ́ sí bèbè ní ìpín tiwọn. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, ojú ẹsẹ̀ táyà méjèèjì nìkan tó láti fi sìmẹ́ńtì bò.

Láàárín òjò, iṣẹ́ pọ̀ ṣùgbọ́n kò le: gígé ni, títu èpò ni. Kí a má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má sì tẹ ilẹ̀ nígbà tí ó bá rin gbindin. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí a kó ìdọ̀tí inú gọ́tà kí ti oṣù kẹsàn-án tó dé. Òjò àrọ̀kúrò ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣeré. Ìgbà náà ni ṣọkọ yòkòtò àti ewédú ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, ìgbà náà sì ni kí a jẹ́ kí koríko ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè jìn. Koríko tí a fá mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹwàá ni ó ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò de ìjì oṣù kẹta.